Ọwọ́ Tó Wax Pa: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Onímọ́tò àti Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Wa

Lónìí a ò fẹ́ wàásù o. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, torí owó yín wà nínú ẹ̀, oúnjẹ ọmọ ẹlòmíì náà sì wà níbẹ̀.

Ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ́tò láàárín wa láìpẹ́ yìí ni pé, "Ṣé ẹ ní maṣíìnì? Bí ọwọ́ lásán lẹ fẹ́ fi pa wax yẹn, owó tí ẹ pè ti pọ̀ jù." Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fọ mọ́tò jẹun ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Àwọn ọ̀dọ́ náà wá ń bẹ̀ wá pé kí ìjọ yá àwọn lówó ra ẹ̀rọ, kí oníbàárà má bàa sá lọ.

Ojú tí àwa fi wò ó rèé: bó bá jẹ́ wax tàbí sealant nìkan lẹ fẹ́ pa sára mọ́tò yín, ọwọ́ tó o. Ó tó dáadáa. Ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tiẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé iṣẹ́ méjì là ń pè lórúkọ kan. A máa ń sọ pé, "Bá mi pọ́líìṣì ẹ̀." Pọ́líìṣì gan-an, ńṣe ló ń họ nǹkan. Ó ní ohun kúnnákúnná tó ń gé lára ọ̀dà díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ ń rí nínú oòrùn lè tán. Wax kì í họ nǹkan kan. Orí ọ̀dà ló ń jókòó sí, ó ń bò ó, kí oòrùn, ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi má tètè bà á jẹ́. Èyí tó ń họ ni ẹ̀rọ wúlò fún jù. Èyí tó ń bo ara mọ́tò kò nílò agbára.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀dà mọ́tò ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tá a fi ń pariwo. Ẹ mú mìlímítà 1, ẹ pín in sí ọ̀nà 1,000. Ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní micron. Gbogbo ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi sára mọ́tò, láti orí irin títí dé òkè, sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 micron. Clear, ìyẹn èyí tó ń dán lókè pátápátá, sábà máa ń jẹ́ bíi 40 sí 50 péré nínú ẹ̀. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo tó bíi 70. Ẹ rí i? Ohun tó ń mú mọ́tò yín dán kò nípọn tó irun orí yín. Tó bá ti tán, kì í hù padà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pọ́líìṣì sì pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni rotary. Ojú kan ṣoṣo ló ń yí sí, ó lágbára, ó sì máa ń gbóná. Tẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lò bá dá a dúró síbì kan, pàápàá létí ilẹ̀kùn tàbí lójú ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ṣẹ́ igun, níbi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́, kí ó tó mọ̀, ó ti jó o dé ìsàlẹ̀. Ìkejì ni dual action. Bó ṣe ń yí ló ń mì, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ jù, yíyí ẹ̀ máa ń dúró. Ìyẹn ló rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Rotary kì í sábà kọjá ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, tí à ń pè ní filing machine, lè yí ní 11,000. Ẹni tó bá fi fóòmù sẹ́nu ìyẹn, tó ní òun fẹ́ fi pọ́líìṣì mọ́tò yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀ kíá. Wax kankan ò lè tún ọ̀dà tó ti jó ṣe. Ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà ló kù tí ẹ máa lọ.

Wax ńkọ́? Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀, carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan ló ti ń wá, ní àríwá ìlà oòrùn Brazil, ní ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí. Igi yẹn fúnra ẹ̀ ló fi ń bo ewé ẹ̀, kí ọ̀gbẹlẹ̀ má bàa fa gbogbo omi ara ẹ̀ gbẹ. Wọ́n á gé ewé náà, wọ́n á sá a, wọ́n á sì gbọn ìyẹ̀fun ara ẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ń ṣe sealant ní tiẹ̀, ó sì sábà máa ń pẹ́ lára mọ́tò ju wax lọ. Èyíkéyìí tó wù kẹ́ ẹ lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ń pa á. Èyí tó bá pọ̀ jù, aṣọ inùnù ló máa kó o lọ. Owó yín ló bá a lọ.

Tí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ pa wax, kí ni ẹ̀rọ ọ̀hún ṣe? Ó tẹ́ ẹ lọ tẹ́ ẹ bọ̀, pẹ̀lú fóòmù tó rọ̀, láìsáré. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wax bá sì gbẹ, kí lẹ rò pé wọ́n fi ń nù ún kúrò? Ọwọ́ àti aṣọ náà ni.

A ò ní ẹ̀rọ ò dáa o. Bọ́ọ̀sì ńlá, tàbí ẹni tó ń pa wax sí mọ́tò márùn-ún lójúmọ́, ẹ̀rọ á gba apá àti ẹ̀yìn ẹ̀ là, á sì mú kí wax náà tẹ́ dọ́gba. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àmọ́ ìrọ̀rùn òṣìṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ohun tó máa mú kí mọ́tò dán ju ti ẹni tó fi ọwọ́ fara balẹ̀ ṣe é.

Ibi tí dídán ti ń wá gan-an, ibẹ̀ la kì í wò. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Lásìkò ọyẹ́, eruku á bo mọ́tò, ẹlòmíì á mú àkísà gbígbẹ, á fi nù ún. Iyanrìn ló fi ń họ mọ́tò ara ẹ̀ yẹn o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ da omi sí i dáadáa. Kí wọ́n lo ọṣẹ mọ́tò, torí ọṣẹ ìfọṣọ lè ṣí wax àná kúrò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kó jẹ́: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan kànrìnkàn. Kí wọ́n gbé mọ́tò sábẹ́ ìbòji, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù. Kí wọ́n máa pa wax lójú kan lójú kan, kó má kan rọ́bà dúdú, torí á fi àpá funfun síbẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára agolo. Aṣọ microfibre tó bá já bọ́ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ padà sára mọ́tò láìjẹ́ pé wọ́n fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ ti àwa náà. Kẹ́ ẹ tó jẹ gbèsè nítorí ẹ̀rọ, tí ẹ tún máa wá iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ fún, ẹ ra ọṣẹ gidi, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, aṣọ microfibre tó pọ̀, àti wax tó dáa. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ, kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, kó wá bọ́nẹ́ẹ̀tì àlòkù tí wọ́n ti pa tì, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí dual action. Orí mọ́tò oníbàárà kọ́ la ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ wá bá wa, a ó jọ sọ̀rọ̀ owó ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin onímọ́tò, tiyín ló kù. Lọ́jọ́ Sunday, tá a bá gbàdúrà pé Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, àmín yín máa ń mi òrùlé. Tó bá wá di Monday, ọmọ ẹlẹ́ran ara bíi tiyín tẹ̀ ba bọ́nẹ́ẹ̀tì, òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ ẹ̀ pa wax títí mọ́tò fi ń dán bíi dígí. Ẹ wá ní "ọwọ́ lásán" lo fi ṣe é, ẹ gé owó ẹ̀ sí méjì. Ṣé àmín àná ò kan ọwọ́ tòun ni? Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá, ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń pa àgọ́ jẹun.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún gbé mọ́tò lọ, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni pé: "Ṣé ìlà lẹ fẹ́ họ kúrò, àbí ẹ fẹ́ bo ọ̀dà?" Bó bá jẹ́ ìlà, ẹ béèrè ẹni tó mọ ẹ̀rọ lò, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé clear yín ń dín kù nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣe é. Bó bá jẹ́ bíbò, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ san owó tí ẹ bá a ṣàdéhùn, kó pé.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí onímọ́tò kan àti ọ̀dọ́ kan tó ń fọ mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá ní èrò míì, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, a ó kà á.

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní jó wa lójú o. Àmín.