Owó Iná àti Òrùlé Onípáànù: Àyẹ̀wò Láti Ọjà Tuntun, Ìlọrin

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí iná wákàtí 20 lóòjọ́ fún, láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan. Ẹ̀rọ amúlétutù tí ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, tí ó ń gba náírà 544 fún wákàtí mẹ́jọ tẹ́lẹ̀, wá di èyí tí ń gba náírà 1,800. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ooru ti di ọ̀rọ̀ owó.

Síbẹ̀, a kì í sábà mẹ́nu kan òrùlé nínú àròyé yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ooru ń gbà wọlé jù. Oòrùn Ìlọrin a máa dúró ní àtàrí lọ́sàn-án oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, irin kì í sì í dí ooru lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jókòó sábẹ́ páànù lásán ní Ọjà Tuntun ní aago méjì ọ̀sán kò nílò àlàyé púpọ̀.

Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ojú kan ni ó ń dènà ooru. Àwọn tí ń ta ẹja dídì mọ èyí láìkà á nínú ìwé: kúlà wọn kò ní ẹ̀rọ kankan, ṣùgbọ́n fóòmù inú ògiri rẹ̀ há afẹ́fẹ́ sínú ihò wẹ́wẹ́, ooru ìta kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ yìnyín. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bo ilé ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Páànù gba ipò rẹ̀ nítorí iná àti òjò, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ padà sí koríko.

Ohun tí ó kù ni láti ṣe àjà sábẹ́ páànù, kí a tẹ́ òwú tí a fi gíláàsì ṣe lé e lórí, kí a sì fi ọ̀dà funfun kun páànù láti dá oòrùn padà. Fóòmù lè wọ́n díẹ̀ ju èyí lọ tàbí kí ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbiná. Kò yẹ kí ó wọ òrùlé ọjà. Ṣọ́ọ̀bù tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kò lè pa ìtutù ẹ̀rọ mọ́, àfi kí ara tu ọlọ́jà, kí fíríjì rẹ̀ má sì ṣe làálàá jù. Ilé gbígbé àti ọ́fíìsì tí ń ti ilẹ̀kùn ni yóò rí èrè lórí owó iná.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde ní ọdún 2017 lórí bí ilé kò ṣe ní máa fi iná ṣòfò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ ni a ti ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Bí ìwé àṣẹ ìkọ́lé kò bá béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ páànù, onílé kò ní fi owó rẹ̀ sí i, nítorí ayálégbé ni yóò san owó iná.