Ta Ni Yóò San Owó Ìkòkò Aró Tí Ó Bàjẹ́?

Àwọn ènìyàn a máa wí pé ọ̀lẹ ni ọmọ tí ó bá fi iṣẹ́ aró sílẹ̀ láìtíì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Aláró a máa gún ewé èlú, a mọ ọ́n róbótó, a sì sá a gbẹ. A da omi sí eérú nínú ìkòkò tí ó ní ihò nídìí, kí ó máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni èlú yóò wà fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Aṣọ tí a bá yọ níbẹ̀ a kọ́kọ́ dà bí ewé tútù. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di dúdú. Bí eérú kò bá lágbára, aró kò ní í mú aṣọ. Imú àti ojú ni a fi ń mọ èyí, lẹ́yìn tí ìkòkò púpọ̀ ti bàjẹ́.

Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé Abẹ́òkúta, wọ́n gé ọ̀nà náà kúrú. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè wọ́n, àwọn aláró sì ta kò ó. Kò yani lẹ́nu: ta ni ó lówó tí yóò máa dà nù?

Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé gbèsè ìkòkò kan kọ́ lọ́rùn kò ní í dán òmíràn wò mọ́. Kí àwọn tí ń pín owó ìrànwọ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ dín ayẹyẹ kù (ayẹyẹ ti pọ̀ jù), kí wọ́n ra èlú fún ìyá aláró, kí ọmọ lè rí èyí tí yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.