Ohun Mímu Màámi Lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀



Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, àbúrò mi gbé mínírà tí kò ní ṣúgà wá fún màámi, torí àtọ̀gbẹ wọn. Ẹ̀gbọ́n wa ní jẹjẹrẹ ló wà nínú ẹ̀, ká fi oyin sómi fún wọn. Ariyanjiyan di ńlá, màámi ò mu nǹkan kan.

Mo wádìí ẹ̀. Aspartame ló ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn dùn. Ní 2023, ẹ̀ka àjọ WHO tó ń rí sí jẹjẹrẹ ní ó ṣeé ṣe kó máa fà á, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ ò pọ̀. Ìwọ̀n òòjọ́ ò yí padà: mílígíráàmù 40 fún kílò ara kan. Ẹni tó wọn kílò 70 á mu ju agolo 9 lọ lójúmọ́ kó tó kọjá ìyẹn.

Oyin ńkọ́? Ohun ètùtù ni lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà ló ń dà nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ. Ọmọ tí ò tíì pọ́dún kan ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò rárá, ó lè kó àrùn tó ń rọ ẹran ara. Níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ tọ́ ọ wò fún un. Ìwúre ò ní dín kù.

Dókítà màámi fọwọ́ sí agolo kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Omi tútù ṣì ni olórí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n mu, wọ́n sì bá wa jó.