Baba Arúgbó Kan àti Odi Hadrian

Ní oṣù Júláì ọdún 1801, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Hutton, ẹni ọdún 77, fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọrí sí ìhà àríwá. Kò ní ẹjọ́ láti rò lọ́hùn-ún, kò sì ní gbèsè láti gbà. Odi àtijọ́ kan ni ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí kí ọjọ́ tó lọ. Ọmọbìnrin rẹ̀, Catherine, bá a dé ibìkan lórí ẹṣin. Ẹsẹ̀ ni bàbá fi rìn ní tirẹ̀. Aṣọ dúdú ni ó wọ̀, ó sì so agbòjò mọ́ àpò rẹ̀.

Odi náà ni Késárì Hadrian mú kí a bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ọdún 122, nígbà tí Róòmù ń jọba ní ilẹ̀ náà. Ó ti Wallsend lẹ́bàá odò Tyne ní ìlà-oòrùn, ó gba orí òkè àti inú àfonífojì kọjá, títí dé Bowness ní etí omi ní ìwọ̀-oòrùn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ibùsọ̀ 73. Légíónì mẹ́ta ni ó ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n gbẹ́ yàrà sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi ilé-ìṣọ́ sí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ará Yúróòpù nìkan ni ó ṣọ́ odi yìí. Késárì Septimius Severus, ẹni tí a bí ní Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíà, dé ibẹ̀ ní ọdún 208. Ó tún odi náà ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn amòye pàápàá gbà pé òun gan-an ni ó kọ́ ọ. York ni ó kú sí ní ọdún 211. Ní ọ̀rúndún kẹta kan náà, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Mọ́ọ̀ láti Àríwá Áfríkà wà ní ibùdó tí à ń pè ní Burgh by Sands lónìí. Òkúta tí a gbẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ wọn sí ni ó jẹ́rìí fún wa. Ẹ wo bí òtútù ibẹ̀ yóò ti rí lára wọn!

Ní Vindolanda, tí kò jìnnà sí odi náà, àwọn tí ń wa ilẹ̀ rí àwọn lẹ́tà tí a fi tàdáwà kọ sórí pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, láti ọdún 1973 wá. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 100, ni obìnrin kan, Claudia Severa, fi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sulpicia Lepidina, ìyàwó ọ̀gágun, síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀. Akọ̀wé ni ó kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Severa fúnra rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìkíni ìparí. Ó dùn mọ́ akọ̀wé ojú-ìwé yìí ju gbogbo ìtàn ogun ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ bàbá. Bí ó ti ń lọ ni ó ń rí ohun tí ó bà á nínú jẹ́. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1745, ìjọba ti la ọ̀nà fún ọmọ-ogun, òkúta odi náà ni wọ́n sì fọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń kó èyí tí ó kù láti fi kọ́ ilé àti ọgbà àgùntàn. Níbìkan, Hutton bá wọn lẹ́nu rẹ̀ gan-an, níbi tí olówó ilẹ̀ kan ti ń wó odi láti fi kọ́ ilé. Ó bẹ ìránṣẹ́ ọkùnrin náà pé kí ó bá òun sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ 35 ni bàbá padà délé, ó ti rin ibùsọ̀ 601. Ó kọ ìwé ìrìn àjò náà ní ọdún 1802, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1815.

Ẹ̀bẹ̀ nìkan kò gba odi là. Láti ọdún 1834, John Clayton, agbẹjọ́rò àti akọ̀wé ìlú Newcastle, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ tí odi náà gbà kọjá, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba à lè fọwọ́ kan òkúta rẹ̀ mọ́. Àárín odi náà, èyí tí ó dára jù láti rìn lónìí, kò bá má sí bí kò ṣe tirẹ̀.

Síbẹ̀ ìbàjẹ́ kò tán. Igi síkámórè kan (kì í ṣe irú èyí tí Sákéù gùn) dá dúró nínú kòtò láàárín òkè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní òru kan ní oṣù Sẹ́ptẹ́ńbà ọdún 2023, ọkùnrin méjì fi ayùn ẹ̀rọ gé e lulẹ̀, ó sì wó lu odi. Ní ọdún 2025 a rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìdí igi náà ti rúwé.

Láti ọdún 2003 ni a ti la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀lé odi náà, ibùsọ̀ 84. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rìn ín. Ẹni tí kò bá lè rin gbogbo rẹ̀, kí ó gba ti Housesteads, kí ó sì fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ-ogun han àwọn ọmọdé. Wọn kò ní gbàgbé rẹ̀. Kí ó mú agbòjò lọ bíi ti Hutton, kí ó má sì gun orí odi.