Ẹran Ṣáájú Òkèlè

Àwọn àgbà a máa wí pé oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rẹ́ bákan náà, ìdí sì nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ oṣù yìí wá.

Àbúrò kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dín ìsanra kù. Ara rẹ̀ ti tóbi dé ibi tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà, àwọn dókítà sì gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí ó ṣe é. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ó wá kí mi, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi wo orí mi." Irun rẹ̀ ń re. Ó ní ó ń rẹ òun láti àárọ̀ dé alẹ́, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú.

Mo bi í léèrè ohun tí ó jẹ ní àná. Ó ní òun mu ògì ní òwúrọ̀, òun jẹ ìkọ́kọrẹ́ ṣíbí mẹ́ta ní ọ̀sán, òun sì rẹ gàrí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹja inú ìkọ́kọrẹ́ náà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mo fi í sí ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti kọ́ mi. Kí n tó dé ibẹ̀, inú mi ti kún. Ọmọ mi ni ó bá mi jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni nínú wa tí a kò kọ́ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ gbé ẹran, wọ̀bìà ni a ń pè é. Òkèlè ni a ń jẹ tán kí a tó kan ẹran, a ó sì gé e wẹ́wẹ́ kí ó lè pẹ́ lẹ́nu. Nígbà tí a bá sì di aya ilé, ọkọ ni a ń bu ẹran ńlá fún, àwọn ọmọ a tẹ̀ lé e, ìyá a sì fi ọbẹ̀ nù ún. Ẹ̀kọ́ ilé ni, n kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láìṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe ohun àná. Ní 1966, ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, ni Dókítà Edward Mason ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Lónìí, a ń ṣe é ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, ní Èkó àti ní Àbújá. Nínú irú kan, wọ́n a gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpò oúnjẹ kúrò, ìyókù a sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú irú kejì, wọ́n a ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ ní òkè, tí kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n a sì so ó mọ́ ìfun, tí oúnjẹ yóò fi fo apá kan ìfun kọjá. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ṣíbí díẹ̀ ni ó ń kún inú. Ibi tí àyè bá sì ti kéré, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé ni ó ń rí ìjókòó. Bí ògì àti gàrí bá ti jókòó, ẹja àti ẹyin yóò dúró sí ìta.

Ẹja, ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà ni oúnjẹ amáradàgbà, tí èròjà inú wọn ń jẹ́ purotéènì. Òun ni ara fi ń mọ iṣan, awọ àti irun, òun ni ó sì ń san ojú ọgbẹ́ jinná. Nígbà tí ara bá ń fọn, ọ̀rá ni a fẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n bí purotéènì kò bá tó, ara yóò máa jẹ iṣan ara rẹ̀ pẹ̀lú, agbára yóò sì lọ. Irun a máa re lára ẹni tí ó yára fọn, bí ó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n àìtó purotéènì a máa mú kí ó burú sí i. Ní ti ẹsẹ̀ wíwú, kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni mo ní kí àbúrò mi padà lọ rí dókítà rẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, purotéènì inú rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ẹni tí ó sanra kò lè ṣe aláìní. Gbogbo abiyamọ ni ó mọ ọmọ tí a fi ògì lásán já lẹ́nu ọmú, tí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n. Ní 1935, Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tí í ṣe Ghana lónìí, fi orúkọ tí àwọn Gà ń pe àìsàn náà hàn fún àwọn oníṣègùn ayé: kwashiorkor. Ọmọ náà ń jẹun o, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí ń mọ ara ni kò rí jẹ tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó lè ṣe àgbàlagbà tí inú rẹ̀ ti kéré tí ó sì fi ògì kún un.

Èló ni ó tó? Ohun tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń sọ ni pé kí ó má dín ní 60 gíráàmù purotéènì lójúmọ́. Gàrí 100 gíráàmù kò ní ju gíráàmù 1 tàbí 2 lọ. Ẹyin kan ní bíi 6, ife wàrà kan ní bíi 8, ẹja sísè tàbí yíyan 100 gíráàmù sì ní bíi 20. Ní ti pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú wa tí ó dùn lẹ́nu, purotéènì inú rẹ̀ kò pé, ó sì le fún inú kékeré. Ẹ má kà á mọ́ ẹran.

Ètò ọjọ́ kan tí mo bá àbúrò mi ṣe nìyí, fún ẹni tí dókítà ti gbà láàyè láti jẹ oúnjẹ líle. Ní agogo 7 òwúrọ̀, ẹyin sísè kan. Ní agogo 10, ife wàrà kan tí kò ní ṣúgà, kí a máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ní agogo 1 ọ̀sán, ẹja àrọ̀ tí ó tó 60 gíráàmù, lẹ́yìn náà ìkọ́kọrẹ́ ṣíbí kan bí àyè bá kù. Ní agogo 4, mọ́ínmọ́ín kékeré kan. Ní agogo 7 alẹ́, ẹran adìyẹ rírọ̀ 60 gíráàmù pẹ̀lú ẹ̀fọ́ díẹ̀. Kí a tó sùn, ife wàrà kan sí i. Bí a bá ṣírò rẹ̀, yóò súnmọ́ 60. Ẹni tí wàrà màlúù ń dà nínú rú lè lo wàrà sóyà. Owó ẹran ti wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin, ẹ̀wà, sóyà àti edé gbígbẹ tí a lọ̀ wà ní ọjà Òkè-Àjẹ, inú kékeré kò sì béèrè púpọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun mímu àti ohun tí a lọ̀ kúnná nìkan ni a ń gbà láàyè. Ìlànà ilé ìwòsàn yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Ẹ tún kíyè sí ìwọ̀nyí. Ẹ jẹ ẹ rọra, kí ẹ jẹ ẹran títí yóò fi kúnná lẹ́nu. Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ. Ẹ dúró fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yẹra fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ṣúgà tí ó sáré wọ ìfun a máa mú òógùn bọ ènìyàn, àyà a sì máa já. Ẹ má fi oògùn fítámì àti ti ayọ́n tí dókítà kọ sílẹ̀ ṣeré. Bí èébì kò bá sì dá, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin aya tí ẹ ṣì ń bímọ. Bí ara bá ti fúyẹ́, oyún a máa tètè dúró, àní fún ẹni tí ó ti ń wá a tipẹ́. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé kí a dúró fún oṣù 12 sí 18, nítorí ara tí kò tíì rí èyí tí yóò tó òun kò ní èyí tí yóò fi mọ ọmọ. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wa dá sí i. Bí ọjọ́ Ojúde Ọba bá dé, tí ilé kún fún àlejò, tí aya yín bu ẹja sínú àwo kékeré tí ó sì yẹra fún ẹ̀bà, ẹ má pè é ní wọ̀bìà, ẹ má sì wí pé ó kọ oúnjẹ yín.

Àbúrò mi tún wá ní oṣù tí ó kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn, irun titun sì ti ń hù ní iwájú orí rẹ̀. A jọ jókòó sí ìdí oúnjẹ. Ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ sí ẹja inú àwo rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ó rọra gbé ọwọ́ ọmọ náà kúrò, ó bu tirẹ̀ fún un láti inú ìkòkò, ó ní, "Èyí tìrẹ, èyí tèmi." Lẹ́yìn náà ni ó jẹ ẹja rẹ̀ tán.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oúnjẹ wa máa ṣe wá ní oore.