Àrọwà Tí Ń Lé Ènìyàn Sẹ́yìn

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ikoga àti gbogbo agbègbè Àgbádárìgì, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń ti ilé dé ilé láti pàrọwà fún wọn, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀ràn kan wò. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n òtítọ́ pọ́ńbélé pàápàá ti yọ ọfà rí, nítorí ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́.

Àgbọn àti ẹ̀gẹ́ ni a mọ̀ mọ́ agbègbè yìí ju kòkó lọ, síbẹ̀ inú oko kòkó ni ẹ̀kọ́ náà wà. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní àwọn oko tí ó yí Ìbàdàn ká. Ó ti ń jà ṣáájú ìgbà náà ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí. Àwọn onímọ̀ ní kòkòrò kékeré kan tí ń fa oje igi ni ó ń gbé e kiri, àti pé kò sí oògùn rẹ̀ ju kí a gé igi tí ó ràn lọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú àgbẹ̀ wò ó. Igi tí àrùn mú kì í kú lọ́jọ́ kan. Ó ṣì ń so. Èso rẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ, òṣìṣẹ́ ìjọba sì dé pẹ̀lú àdá, ó ní òun yóò gé e lulẹ̀ kí oko lè yè. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní fura? Bí wọ́n ti ń ṣàlàyé sí i ni ìfura ń pọ̀ sí i. Ní Gold Coast, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà pé òyìnbó fẹ́ ba oko àwọn jẹ́ ni. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní oṣù February 1948, ìgbìmọ̀ Watson tí ó wádìí rẹ̀ ka gígé kòkó mọ́ ohun tí ó bí àwọn ènìyàn nínú. Ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ kó ara wọn jọ sínú Ẹgbẹ́ Máyégún, ẹgbẹ́ náà sì wá bá Adégòkè Adélabù pawọ́ pọ̀. Ní 1950, ìjọba dáwọ́ gígé dúró níbi tí àrùn ti pọ̀ jù. Àrùn kò dáwọ́ tirẹ̀ dúró.

Ní 1966, Jack Brehm, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ènìyàn bá rí i pé a fẹ́ gba òmìnira yíyàn lọ́wọ́ òun, ohun tí a fẹ́ gbà náà gan-an ni ọkàn rẹ̀ yóò túbọ̀ máa fà sí. Àgbẹ̀ tí wọ́n gé kòkó rẹ̀ ìbá ti sọ ọ́ fún un láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Kwame Nkrumah wọ ìjọba ní 1951, wọ́n dá ìfipágé dúró, wọ́n sì bu kún owó gbà-má-bínú. Ìyẹn nìkan kò pa àrùn náà run, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a lè jókòó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Ikoga, ẹ má ṣe yí àgbàlagbà kan ká lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ti sọ pé rárá níbẹ̀, ìtìjú kò ní jẹ́ kí ó yí i padà. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí òun rí. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ohun tí yóò pàdánù, àti ẹni tí yóò san án fún un. Bí ó bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn ọjà tí ń bọ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ dìde, kí ẹ sì padà wá.