Wọ́n Ń Ka Orí Àlejò, Wọn Ò Ka Owó Tó Kù Nílé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjọba Jàpáànì kéde pé mílíọ̀nù 36.87 àlejò ló wọ ilẹ̀ wọn lọ́dún 2024, pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, àti pé owó tí àwọn àlejò náà ná lé ní tírílíọ̀nù 8 yen. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan nílé wa níbí: ẹ wo Jàpáànì, owó wọn wálẹ̀, àlejò ń rọ́ lọ síbẹ̀, naira náà ti wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, kí la wá ń dúró dè tí a ò fi pe ayé wá? Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, mi ò sì ní fi bò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó tó wálẹ̀ ṣe ìlú láǹfààní, kó fi pápákọ̀ òfuurufú Tokyo sílẹ̀. Kó lọ sùn mọ́jú ní ilé àlejò ayé àtijọ́ kan lẹ́bàá ìsun omi gbígbóná, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ryokan, kó sì béèrè iye tí òru ọjọ́ kan ń ná onílé.

Yàrá nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Iye orí ni wọ́n fi ń gbowó, oúnjẹ alẹ́ àti oúnjẹ àárọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá, tí wọ́n ń pè ní nakai, yóò mú yín dé yàrá tí ẹní tatami bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò bu tíì fún yín pẹ̀lú ìpápánu dídùn kékeré kan. Yóò fún yín ní yukata, aṣọ fífúyẹ́ tí ẹ ó fi apá òsì rẹ̀ bo apá ọ̀tún. Ẹni tó bá fi ọ̀tún bo òsì ti wọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ fún òkú nìyẹn. Kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi, ẹ ó jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ ó fi ọṣẹ fọ ara yín mọ́ tónítóní, nítorí omi àjọwọ̀ ni. Lálẹ́, àwo kéékèèké á máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹja tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, ẹ̀fọ́, ohun sísun, ọbẹ̀ miso, ìrẹsì nígbẹ̀yìn. Ibi tí ẹ bá ti ń jẹun ni ẹlòmíràn ti ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ nínú yàrá yín.

Nakai yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí oúnjẹ àárọ̀. Tí àlejò bá lọ tán ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n á ní kó lọ sinmi, nítorí kò sí iṣẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta, yóò padà wá kí àlejò tuntun káàbọ̀, yóò gbé oúnjẹ, yóò palẹ̀ àwo mọ́, ó sì lè tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó rí ẹ̀yìn iṣẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n là sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ta ni ọmọ rẹ̀ ń bá jẹun alẹ́? Abájọ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń sá fún iṣẹ́ náà, tí àwọn ilé mìíràn fi ń ti yàrá tí àlejò ń wá pa, torí kò sí ẹni tí yóò gbé oúnjẹ débẹ̀. Kódà Nishiyama Onsen Keiunkan, tó ti wà láti ọdún 705, tí ìwé Guinness kà sí hòtẹ́ẹ̀lì tó dàgbà jù láyé, kò rí ọmọ inú ẹbí tí yóò gbà á mọ́. Lẹ́yìn ìran méjìléláàádọ́ta, òṣìṣẹ́ ilé náà kan ló gbà á lọ́dún 2017.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó báyìí. Ká ní 30,000 yen ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kan. Lọ́dún 2021, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 110 yen, iye yẹn jẹ́ nǹkan bí 270 dọ́là. Ní oṣù keje ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 160 yen, èyí tí ojú kò rí láti ọdún 1986. 30,000 yen kan náà kò wá tó 190 dọ́là mọ́. Ẹja náà kò yí padà, àwo kò dín, nakai kò dín ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kù. Báńkì àpapọ̀ Jàpáànì ló fi èlé sílẹ̀ nísàlẹ̀ òdo títí di oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tó ti di ọdún méjì tí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé tirẹ̀ sókè. Owó sì gba ibi tí èlé wà lọ. Ohun tí obìnrin yẹn fi òógùn rẹ̀ ṣe ti di ọjà gbàǹjo, ìjọba sì wá ń fi iye àwọn tó sáré wá ra gbàǹjo yangàn.

Ẹ gba ìṣirò kejì. Lọ́dún 2019, ṣáájú kòrónà, mílíọ̀nù 31.88 àlejò ló wọlé, wọ́n sì ná nǹkan bí tírílíọ̀nù 4.8 yen. Pín in, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní 150,000 yen lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún 2024 jẹ́ nǹkan bí 220,000. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á jó. Ṣùgbọ́n ẹ yí i sí dọ́là, ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lọ́dún kọ̀ọ̀kan: ti àkọ́kọ́ sún mọ́ 1,400 dọ́là, ti ìkejì kò ju nǹkan bí 1,450 lọ. Ọdún márùn-ún! Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, ọjà ní Amẹ́ríkà gbówó lórí ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Àlejò kò fi ohun gidi kan kún owó tó ń ná. Yen ló kéré sí i lọ́wọ́ wọn. Jàpáànì gba mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn kún un, ó fọ aṣọ ibùsùn wọn, ó kó pàǹtírí wọn, ó tò wọ́n sínú ọkọ̀ ojú irin, kí iye dọ́là orí kọ̀ọ̀kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà.

Èyí tí wọ́n ń lé bọ̀ sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó tó ọdún 2030, àwọn fẹ́ mílíọ̀nù 60 àlejò àti tírílíọ̀nù 15 yen. Pín ìyẹn náà: 250,000 yen lórí ẹnì kan. Wọ́n fẹ́ fi mílíọ̀nù 23 orí kún èyí tó wà nílẹ̀, kí orí kọ̀ọ̀kan lè fi 30,000 yen kún owó rẹ̀, owó òru ọjọ́ kan ṣoṣo ní ilé àlejò tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni yóò gbé àwo fún wọn? Níbo ni nakai yóò ti wá?

Ohun tó dùn mí jù kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan. Ìsun omi gbígbóná jẹ́ ibi tí mẹ̀kúnnù Jàpáànì ń kó òbí rẹ̀ àgbà lọ, tí àgbẹ̀ ń lọ na ẹ̀yìn lẹ́yìn ìkórè. Àgbẹ̀ a máa gbé ìrẹsì àti ìkòkò tirẹ̀ dání láyé àtijọ́, wọ́n á sì gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí ìwòsàn. Owó iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ Jàpáànì, tí a bá yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò nínú rẹ̀, dín kù lọ́dún 2022, ó dín kù lọ́dún 2023, ó tún dín kù lọ́dún 2024. Epo àti gáàsì tí wọ́n ń rà láti òkè òkun gbówó lórí nítorí yen kan náà tó wálẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àpò ìrẹsì kílò márùn-ún ti lé ní 4,200 yen, ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú. Ìgbà yẹn gan-an ni mínísítà fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, Taku Eto, là á lójú gbogbo ayé pé òun ò fi owó ra ìrẹsì rí, pé àwọn alátìlẹ́yìn òun ló ń kó o wá fún òun. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti kúrò nípò. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í ra ìrẹsì kò lè mọ ohun tó ń lé ọmọ onílẹ̀ kúrò nínú omi bàbá rẹ̀.

Ìlú tó ni omi ńkọ́? Owó orí ìwẹ̀ wà, 150 yen lórí ẹnì kan ní ọ̀pọ̀ ìlú, bó o san 10,000, bó o san 100,000. Owó yìí ni wọ́n fi ń tọ́jú orísun omi àti ìmọ́tótó, tí wọ́n fi ń ra ohun èlò panápaná. Omi gbígbóná kì í sì í tọ́jú ara rẹ̀. Ní Kusatsu, omi náà kan bí ọtí kíkan, ó ń jẹ irin. Ní ibòmíràn, ohun funfun tó ń ti inú ilẹ̀ bá omi jáde á dì mọ́ inú páìpù bí òkúta, wọn á gé e, wọn á pààrọ̀ rẹ̀. 150 yen kò tó dọ́là kan nígbà tí yen wálẹ̀ jù. Beppu, tí orísun omi rẹ̀ lé ní 2,000, ti fi ọgbọ́n sí i láti ọdún 2019: ẹni tó bá sùn ní ibi olówó gọbọi a máa san tó 500 yen. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ ṣe pé 500 náà ṣì kéré.

Ìjọba ò sì lè sọ pé òun ò mọ ibi tí kíka orí ń gbé ni lọ. Ẹ lọ sí Kinugawa, ní agbègbè Nikko. Láyé owó ọ̀fẹ́ ọdún 1980 sí 1990, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá a máa kó òṣìṣẹ́ wọn lọ síbẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọgọ́rùn-ún, igba lẹ́ẹ̀kan. Báńkì ń yá onílé lówó, onílé ń fi kọnkéré kọ́ àjà lé àjà ní bèbè odò. Wọ́n kó ilé ọtí, ilé orin àti ìsọ̀ sínú ilé àlejò kí àlejò má baà jáde. Àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà kú lákọ̀ọ́kọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú dé, tí ilé iṣẹ́ kò kó òṣìṣẹ́ wá mọ́, báńkì Ashikaga tó yá wọn lówó wó lulẹ̀, ìjọba sì gbà á lóṣù kọkànlá ọdún 2003. Àwọn kan nínú àwọn ilé náà dúró síbẹ̀ di òní, fèrèsé wọn ti fọ́, igbó ti gbà wọ́n, kò sẹ́ni tó rówó wó wọn. Ní gbogbo Jàpáànì, ryokan tó lé ní 80,000 ní nǹkan bí ọdún 1980 kò tó 40,000 mọ́ ní ọdún 2018.

Kí ni ká ṣe? Kí owó orí ìwẹ̀ máa tẹ̀lé owó yàrá. Kí wọ́n sọ iye dọ́là tó kù sí ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sọ iye orí nìkan, nítorí Tokyo, Osaka àti Kyoto ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àlejò wọ̀nyí mì. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ayé wá sí ìsun omi Ìkògòsì wa ní Èkìtì, kó lọ kọ́gbọ́n ní Kurokawa, ní Kumamoto. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tetsuya Goto fi òòlù gbẹ́ ìwẹ̀ sínú àpáta lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn onílé yòókù ní ọgbọ́n rẹ̀. Nígbà tí àwọn kan kò ní ààyè láti gbẹ́ tiwọn, wọ́n dá pákó róbótó kan sílẹ̀ lọ́dún 1986: ẹni tó bá rà á lè wẹ̀ ní ilé mẹ́ta tó bá wù ú. Wọ́n wó pátákó ìpolówó olúkúlùkù, wọ́n gbin igi.

Kinosaki, ní Hyogo, ni ọkàn mi wà jù. Ilẹ̀ ríri àti iná run ìlú náà lọ́dún 1925. Ìwẹ̀ ìlú ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn ilé àlejò kò sì ní ìwẹ̀ tiwọn nínú ilé nígbà náà. Gbogbo àlejò ló ń jáde lọ wẹ̀. Lọ́dún 1927, ilé kan fẹ́ fa omi wọ inú ilé tirẹ̀. Ìlú yarí. Wọ́n ní tí ẹnì kan bá ti fa omi wọlé, àlejò rẹ̀ kò ní jáde mọ́, ẹni tó ń tajà lójú ọ̀nà á kú. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ogun jà, ogun tán, ẹjọ́ ò tán. Ọdún 1950 ni wọ́n tó parí rẹ̀: omi di ti ìlú, ilé lè ní ìwẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó kéré. Títí di òní, ẹni tó bá sùn sí ilé èyíkéyìí níbẹ̀, owó yàrá rẹ̀ ti san owó ìwẹ̀ ìlú. Lálẹ́, gbogbo wọn á wọ yukata àti bàtà onígi, wọ́n á máa ti ìwẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á ra alákàn níhìn-ín, ọtí bíà lọ́hùn-ún, lọ́wọ́ ẹni tí kò ní yàrá kankan láti fi háyà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi jà sí i. Mo kan sáárá sí wọn.